Ọkọ̀ tó Kọ̀ tí Kò Funfun

Bí ẹnikẹ́ni bá tún kí Ọláìtán ní "ẹ kú iṣẹ́" lọ́sẹ̀ náà, ó ṣeé ṣe kó ju kànìnkànìn ọwọ́ rẹ̀ lu onítọ̀hún. Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ tí àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo rẹ̀ á tún padà sí bó ṣe wà? Tó bá jẹ́ èmi náà ni, màá bínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ṣùgbọ́n Pápá Àjàó ní Múṣin ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń dán mọ́tò lábẹ́ igi fúrúùtù kan níbẹ̀. Ẹ má pè é ní afọmọ́tò o, ìjà ni ẹ fi ń ṣeré yẹn. Omi àti ọṣẹ ni afọmọ́tò mọ̀. Ọláìtán ní tiẹ̀, àbàwọ́n ló ń bá jà. Ẹni tó fi ọkọ̀ ha ògiri, ẹni tí ọ̀dà ta sí i lára, ẹni tí ìgbẹ́ ẹyẹ ti jẹ ọ̀dà ọkọ̀ rẹ̀ wọnú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ. Á fi àtàńpàkò ra ojú ibẹ̀, á mirí, á ní, "Ó máa jáde." Ó sì máa ń jáde.

Jael ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, ìyá Máyọ̀kún ọmọ wọn. Nọ́ọ̀sì ni, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Òun ló mú Ọláìtán, tí wọ́n bí sínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, wá sí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tiwọn ní Yábàá, tó sì di ọmọ ìjọ gidi níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Jael kú. Àwọn ẹbí retí pé yóò pa màlúù, yóò pàgọ́ dí títì. Ọláìtán ò pa nǹkan kan. Ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó mọ ògiri kékeré síbi ẹnu omi náà, ó fi táìlì funfun lé e, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: OMI JAEL. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi oṣù mẹ́fà yan odì sí i. Kò ka iyẹn sí. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo òwúrọ̀ Àbámẹ́ta ló ń wá fọ táìlì náà, torí ó ní àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ò mọ̀ ju kí wọ́n fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ kan ògiri lọ. Bó bá sì ń lọ sílé, á pọn kẹ́ẹ̀gì méjì, á fi kẹ̀kẹ́ Maruwa gbé e dé Múṣin. Omi wà nílé rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n èyí ni omi ìyàwó rẹ̀.

Àti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Jael, Ọláìtán ò dìde sọ̀rọ̀ nínú ìjọ mọ́. Á wá, á jókòó sí bẹ́ńṣì tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, nínú bùbá funfun tó ti ń pọ́n, á kọrin tó bá yá, á lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ya gbogbo èèyàn lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí.

Ìjọ ra ọkọ̀ ojú omi. Tòkunbọ̀ ni, fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, ó gùn tó bọ́ọ̀sì kékeré. Òun ni yóò máa gbé àwọn nọ́ọ̀sì àti tíṣà lọ sí Makoko lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, níbi tí ìjọ ní yàrá ìtọ́jú kékeré kan sí lórí omi. Nígbà ayé Jael, ọkọ̀ onígi tó ń jò ló ń gbé e débẹ̀. Òun á gbé àpótí oògùn lé itan, á sì máa fi abọ́ gbọ́n omi dànù. Nítorí èyí, ìgbìmọ̀ ìjọ pinnu pé JAEL ni wọ́n máa kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tuntun náà. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá yà á sí mímọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyọnu kan ṣoṣo tó wà ni pé ọkọ̀ náà dọ̀tí kọjá àfẹnusọ, àwọ̀ ewé, àwọ̀ epo, àwọ̀ ẹrẹ̀. Àlùfáà Theophilus béèrè bóyá ẹnìkan mọ oníṣẹ́ tó lè bá wọn fọ̀ ọ́.

Ọláìtán dìde. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yí ọrùn padà.

"Ẹ má wá ẹnì kankan," ó ní. "Èmi ni. Kí ó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta tí akọ̀wé tó ń fi ọ̀dà kọ lẹ́tà máa wá kọ orúkọ ìyàwó mi sí i, ọkọ̀ yẹn á ti funfun ju aṣọ àwọn kúáyà lọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ òun náà lẹ́nu. Ẹnu kì í kúkú wo àbàwọ́n kó tó ṣèlérí.

Ọjọ́ Ajé lọ dáadáa, kí n má purọ́. Wọ́n dojú ọkọ̀ náà dé sórí táyà mẹ́rin, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá péré sí omi Jael. Ó fi ọ̀bẹ tí kò mú ha àwọn ìkarahun wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ kúrò. Ó fi kẹrosín nu epo. Ó fi ọṣẹ fọ nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ bí ilá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó gbé kọ́ńpáàǹdì jáde, ìyẹn ọṣẹ líle tó ní iyanrìn kúnná nínú, tí àwọn adánmọ́tò fi ń bó ojú ọ̀dà. Ó ra ọkọ̀ náà láti orí dé ìdí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ funfun bí ẹyin. Ó fi omi Jael ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, omi tó mọ́ gaara. Lẹ́yìn náà ó ṣe nǹkan tó máa ń ṣe fún mọ́tò: ó rẹ táwẹ́ẹ̀lì mẹ́fà sínú omi, ó tẹ́ wọn sára ọkọ̀ mọ́jú, kí ìdọ̀tí tó bá ṣẹ́kù lè rọ̀.

Nígbà tó ká táwẹ́ẹ̀lì náà lárọ̀ Ọjọ́rú, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ibi tí táwẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wà ti pọ́n. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ní etí bí àwòrán máàpù.

"Benjamin!" Benjamin ni mẹ́gáàdì ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà. "Ta ló da tíì sára ọkọ̀ yìí?"

"Dádì, èmi ò kí ń mu tíì o. Mo ní úlísà, ọgbẹ́ inú."

"Ta ló wá béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹ?"

Ó ra bílíìṣì, ó dà á sínú báàkẹ́tì omi. Lójú rẹ̀ báyìí ni omi náà ṣe yí padà, tó di àwọ̀ tíì. "Ayédèrú!" ló pariwo. Ó da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà, ó sáré dé ọjà Tejúoṣó lọ ra òmíràn lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó da ìyẹn náà sómi, ó tún pọ́n. Ó ṣépè fún àwọn tó ń po ayédèrú ọjà ní gbogbo ìlú Èkó, ó dárúkọ àdúgbò mẹ́ta, ó sì lo bílíìṣì náà bẹ́ẹ̀ torí kò ní òmíràn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti ń bó, ọkọ̀ sì ti dà bí eyín amutábà.

Ọjọ́bọ̀ ló wá rí ẹni tó jẹ̀bi. Èéfín ni. Àwọn tó ń yan ẹja ní Makoko, ṣebí afẹ́fẹ́ ló ń gbé èéfín wọn wá? Ó yá tápólì, ó fi yí ọkọ̀ náà ká bí ẹni ń ṣe ilé ìwẹ̀. Inú ooru àti òkùnkùn yẹn ló jókòó sí tó tún fi kọ́ńpáàǹdì ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tó tún ṣan án. Kò wá dúró di ọjọ́ kejì mọ́. Bó ti gbẹ, ó fi ìda kùn ún, ìda tó fi ń dán mọ́tò àwọn olówó, kí ohunkóhun tó bá ń ti òkè bọ̀ má lè rí ara ọkọ̀ lẹ̀ mọ́. Ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ dán an títí tí èjìká rẹ̀ fi ń ké. Ó ká tápólì kúrò.

Gbogbo ọkọ̀ ń kọ mànà. Gbogbo àbàwọ́n pupa náà wà lábẹ́ ìda, ó ń kọ mànà pẹ̀lú.

Àlùfáà Theophilus ń kọjá lọ. Ó dúró, ó wò ó.

"Dádì, ó ń dán o," ó ní.

Ọláìtán gbọ́ èyí tó sọ, ó sì gbọ́ èyí tí kò sọ. Àlùfáà ò ní ó funfun. Inú bí i gan-an.

Kó lè bínú dé góńgó, aṣọ funfun àwọn kúáyà ń bẹ lórí okùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mẹ́rìndínlógún, wọ́n funfun tó fi ń dunni lójú. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Edith ló ń tọ́jú wọn. Tíṣà ìṣirò ni tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, òun àti Jael sì jọ jókòó síbi kan náà nínú kúáyà fún ogún ọdún. Ọláìtán lọ bá a nídìí okùn.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọṣẹ wo lẹ fi ń fọ aṣọ yìí?"

"Ọṣẹ lásán ni, Bàbá Máyọ̀kún. Ọṣẹ tí gbogbo èèyàn ń lò."

"Irú ọṣẹ wo?"

"Ọṣẹ ṣáà ni, àbí kí ló dé? Ẹ jẹ́ kí n tètè kó aṣọ, òjò ti ṣú."

Òjò ò ṣú. Ẹni tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò fún ọdún márùndínlógójì yẹ kó lè purọ́ tó gbámúṣé ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n Ọláìtán ti bínú jù láti fura sí nǹkan kan. Ó kàn rò pé àwọn obìnrin ní àṣírí ọṣẹ tí wọn kì í sọ fún ọkùnrin, ó sì rántí pé bí Jael bá wà láyé ni, òun ì bá ti rí ẹni sọ ọ́ fún òun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ó na ẹsẹ̀, ó ń wo ọkọ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ìbínú ti rẹ̀ ẹ́. Ó pe Benjamin.

"Lọ bá mi sọ fún Àlùfáà kí wọ́n tẹ akọ̀wé yẹn láago. Kó má wá lọ́la."

"Ẹ̀n? Ṣé wọn ò ní kọ orúkọ Mọ́mì mọ́ ni?"

"Orúkọ Jael ò ní wà lára ọkọ̀ tó dọ̀tí. Kí wọ́n kọ orúkọ mìíràn sí i. Mo ti ṣèlérí, mi ò lè mú un ṣẹ. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi, kí gbogbo ìjọ wá fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ó yẹ bẹ́ẹ̀."

Tíṣà Edith wà lójú fèrèsé yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ kúáyà sí. Ó gbọ́. Kò pẹ́ tó fi jáde tó gba ẹnu ọ̀nà ọgbà lọ, ó ń yára bí ẹni tí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná. Nígbà tó máa padà, obìnrin mẹ́rin nínú kúáyà tẹ̀ lé e. Wọ́n ru agbọ̀n ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n gbé iyọ̀, wọ́n sì ti bárò tí kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́jọ wà nínú rẹ̀.

"Ẹ dìde, Bàbá Máyọ̀kún," ni Tíṣà wí, bí ẹni pé ó tún ti dé iwájú bọ́ọ̀dù. "Ẹ fi kẹrosín nu ìda yẹn kúrò ńbí, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan."

Ó nù ún. Tíṣà gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, ó fi í tẹ iyọ̀, ó fi ra ojú ibẹ̀. Ó ní kí gbogbo èèyàn dúró. Wọ́n dúró tó àkókò tí èèyàn fi máa kọrin ìsìn kan tán. Ó wá bu omi nínú kẹ́ẹ̀gì tó gbé wá, ó ṣan án. Ojú ibẹ̀ funfun báláú.

Ọláìtán fi àtàńpàkò ra á. Ó wo ọsàn, ó wo Tíṣà, ó wo ọkọ̀. Ayọ̀ gbà á lọ́kàn lójijì. Ó já agbọ̀n gbà lọ́wọ́ wọn, ó nu ìda kúrò níbòmíràn, ó ra ibẹ̀, ó wá gbé báàkẹ́tì rẹ̀, ó sáré lọ síbi omi Jael láti pọn èyí tó máa fi ṣan án.

"Ẹ má fi omi yẹn ṣan án!"

Àwọn obìnrin márààrún ló pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn kan ṣoṣo, bí ìgbà tí wọ́n bá gbé orin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

Ọláìtán dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ. Ó bojú wo ilẹ̀. Lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ náà gan-an, lórí táìlì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ìlà pupa kan ti ṣàn wálẹ̀, tóóró. Kò sí ọmọ tó lè fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ fa ìlà tó tọ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Irin ló wà nínú ẹ̀, Bàbá Máyọ̀kún," Tíṣà wí jẹ́jẹ́. "Ó máa ń mọ́ tó bá ń jáde. Tó bá ti pẹ́ lára nǹkan, á dógùn-ún síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fi bílíìṣì sí i, ó parí. Omi òjò la fi ń fọ aṣọ kúáyà. Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀ pamọ́ nílé mi."

"Láti ìgbà wo?"

Tíṣà ń nu iyọ̀ kúrò lọ́wọ́.

"Mo ní láti ìgbà wo, Tíṣà?"

"Láti oṣù kìíní tí ẹ gbẹ́ ẹ."

"Ọdún mẹ́ta!" Ẹ wo bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ sókè. "Ọdún mẹ́ta, ẹ ò lè sọ fún mi? Láti ọjọ́ Ajé lẹ ti ń wò mí níbí tí mò ń bó ara mi láwọ, ẹ ń kí mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì mọ̀?"

"Báwo la ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ẹ má bínú. Orúkọ ẹ̀ ló wà lára ògiri. Gbogbo Sátidé lẹ ń wá bá a fọ ibẹ̀. Ta ló fẹ́ wá dúró níwájú yín, kó ní omi Jael ò dáa?"

"Jael!" ni Ọláìtán wí. "Jael ì bá ti sọ ọ́!"

Òótọ́ sì ni. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Jael tó sọ fún ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù tó wà tẹ́lẹ̀ pé ìrẹsì rẹ̀ ò jinná. Jael tó dìde nínú ìpàdé ìjọ tó ní òrùlé tí wọ́n ń yìn yẹn ń jò sí òun lórí. Bó bá jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára ògiri yẹn, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ló máa gbé ìborùn rẹ̀ tó ti pọ́n wá síwájú pẹpẹ. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì wá ń nu ojú. Ọláìtán ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Inú ń bí i sí wọn, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀, ẹni tí àbàwọ́n ń bẹ lójú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó sì ń fẹ̀sùn rẹ̀ kan ọmọ ọlọ́mọ. Ó gbé báàkẹ́tì náà kalẹ̀ lófìfo, ó padà sídìí ọkọ̀, ó nu ìda tó kù kúrò, ó mú ọsàn kan. Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ náà títí oòrùn fi rọ̀, kò sì bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ju "ẹ gbé iyọ̀" lọ.

Nígbà tó délé, bùbá tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, tó ti ń fi omi Jael fọ̀ láti ọdún mẹ́ta, ló kọ́kọ́ wò. Ó gbé e lọ sábẹ́ iná. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin tó kù nínú àpò rẹ̀, àti kẹ́ẹ̀gì omi òjò kan tí Tíṣà fi lé e lọ́wọ́ láìsọ ìdí, ó sì wọ ilé ìwẹ̀ lọ.

Akọ̀wé dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó kọ JAEL sára ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀dà àwọ̀ aró, lẹ́tà gbàǹgbà gbàǹgbà, Ọláìtán sì fi ìda kùn ún nígbà tó gbẹ. Bíṣọ́ọ̀bù dé lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n gbàdúrà lé ọkọ̀ lórí. Nígbà tí Àlùfáà Theophilus ní kí Dádì Ọláìtán wá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, gbogbo èèyàn tún yí ọrùn padà.

"Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀," ó ní. "Ìkéde ni mo ní. Omi tó ń jáde lára ògiri yẹn, tó ní orúkọ ìyàwó mi, irin wà nínú ẹ̀. Ẹ fi wẹ ẹsẹ̀. Ẹ fi fọ mọ́tò dúdú. Ẹ má fi fọ aṣọ funfun. Ẹ má sì fi fọ ọkọ̀ yìí láé. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ jókòó, ẹ ń wò mí."

Láti àárín àwọn kúáyà, Tíṣà Edith dáhùn bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n bá wí: "A gbọ́, sà." Ìgbà yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì tó bú sẹ́rìn-ín, bíṣọ́ọ̀bù náà sì rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí.

Ọláìtán padà jókòó sí bẹ́ńṣì rẹ̀. Ó na apá sórí orúnkún, ó ń wo ọwọ́ bùbá rẹ̀. Ó funfun bó ṣe funfun nígbà tí Jael ṣì ń fọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́ta ló fi rò pé bí aṣọ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣe máa ń rí náà nìyẹn, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, nítorí ó gbà pé àbàwọ́n yẹn ò lè jáde.

Nígbà tí ìsìn parí, ó dúró de Tíṣà Edith lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wá kẹ́ẹ̀gì omi òjò méjì sí i. Bùbá funfun mẹ́rin ló ṣì kù nílé.